Ẹ̀rọ AI gbé oríkì Ọ̀fà wọ ìwé ìsìnkú ọmọ Ìkòyí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

IyaPrinta_Mokola

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti ká mi mọ́lé.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì kan, pírińtà mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn ti kú tí a ń gbé bébà lé lórí, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń mu epo bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Ọdún kẹrìnlá rèé. Títẹ̀wé ni mo fi rán ọmọ méjì níléèwé: lẹ́tà, ìwé àdéhùn ilé, ìwé ètò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú, pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ Pólì.

Láti bí ọdún méjì, pírójẹ́ẹ̀tì ti ń di ìtàn. Ọmọ tó máa ń kó ìwé àfọwọ́kọ ọgọ́ta ojú-ewé wá tẹ́lẹ̀, orí fóònù ló ń gbé e wá báyìí: "Àǹtí, ẹ ṣáà bá mi pírìǹtì ẹ̀." ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń kọ̀wé, ti bá a kọ ọ́, ó ti bá a tẹ̀ ẹ́, ó ku bébà àti íǹkì fún èmi. Mo wá ní kí èmi náà máa lò ó.

Oṣù tó kọjá, ìdílé kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn wá, igba ẹ̀dà. Wọ́n ní kí n fi oríkì sí ojú-ewé kejì, pé ọmọ Ìkòyí ni bàbá. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bi AI." Ìṣẹ́jú kan kò pé, oríkì ti jáde, ó gùn, ó sì dùn ún kà. Iná ti lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán, mo wo ìlà àkọ́kọ́, mo rí "Ọmọ Ẹ̀ṣọ́", mo ní ó ti dáa.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbúrò olóògbé, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde lójú gbogbo èèyàn. Ó dé ìlà karùn-ún, ó bá "ìjàkadì lorò Ọ̀fà" pàdé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó tún un kà. Ó wá ní, "Ta ló gbé wa lọ sí Ọ̀fà?" Ìyẹn nìkan kọ́ o. Níbi tó yẹ kó kọ ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, ọkọ ló kọ, bàbá wá di ẹni tó gbé ọkọ lọ́wọ́ lọ sójú ogun. Àwọn ìyàwó ilé ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra.

Mo dá owó wọn padà, mo tún tẹ igba mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìsìn ìdúpẹ́. Ẹ gbà mí o. Ṣé kí n pa ohun tó ń jẹ́ AI tì ni? Tí mi ò bá sì pa á tì, báwo ni mo ṣe fẹ́ máa lò ó tí ojú ò fi ní tì mí mọ́? Kí ló sì kù fún ẹni tó ń fi títẹ̀wé jẹun? Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí níbi iṣẹ́ àti nínú ilé, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí.

Omo_Eso

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín tán kí n tó káàánú yín, ẹ foríjì mí. Ọmọ Ìkòyí ni èmi náà. Tiwa ni pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gba ọta. Ìjàkadì, àwọn ará Ọ̀fà ló ni ín, a ò bá wọn dù ú.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ bi ẹni tí kò sí nílé. Oríkì orílẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n agboolé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀: orúkọ baba ńlá wọn, ogun tó lọ, odò tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ta ló kọ ìyẹn síbì kan tí ẹ̀rọ fi máa rí i kà? Ẹ ní kí ìdílé wá ìyá àgbà kan tó mọ̀ ọ́n kì, kí ó kì í sórí WhatsApp, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu rẹ̀. Kí ẹ sì gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Akeko_Ife

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ní yunifásítì fara pẹ́ èyí, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé yìí, ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti fún un kà tẹ́lẹ̀. Láti inú ohun tó kà ló ti ń méfò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbólóhùn á fi pé. Ẹ wá wo oríkì: ọmọ báyìí, ọmọ báyìí, ọmọ báyìí. Ti Ìkòyí àti ti Ọ̀fà jọ wà nínú agbo kan náà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì èèyàn, ìró ọ̀rọ̀ náà á gbé e lọ síbi tó bá ti ríwọ́ jù. Kò mọ̀ pé òun ti kọjá ibodè. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ kì í fi í yí padà, ì báà sọ òótọ́, ì báà sọ ohun tí kò sí.

Èkejì, Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lóǹkà. Yorùbá tó wà níbẹ̀ kéré, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì ní àmì lórí. Igba owó, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà òjò, igbà tí ọlọ́pẹ fi ń gun ọ̀pẹ: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi àmì sí i. Google Translate ti gba Yorùbá láti 2013, ChatGPT jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n sì ń dára sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá wọn kọ ọ̀kọ̀, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sínú gbólóhùn kan, ẹ fọwọ́ yín tọ́ ọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bí èmi ṣe ń lò ó: mi kì í ní kó wá òótọ́ fún mi. Èmi ni mo ń gbé òótọ́ fún un, òun á bá mi tò ó. "Lẹ́tà tí mo kọ nìyí, má fi ohunkóhun kún un, bá mi pín in sí ìpínrọ̀." Ibẹ̀ ló ti wúlò. Ẹ má sì bi í pé "ṣé ó dá ẹ lójú?" Ó lè ní òótọ́ ni, ó sì lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, kó wá fi irọ́ tuntun rọ́pò ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá iṣẹ́ yín mu: nígbà tí ẹ bá da Yorùbá kọ láti orí fóònù sí kọ̀ǹpútà tí àmì orí ẹ́ àti ọ́ bá fò kúrò lójú àyè rẹ̀ tàbí tó di àpótí kékeré, fọ́ǹtì ni. Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ lè jẹ́ lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ló mọ̀ ọ́n tò pọ̀. Ẹ gbìyànjú Charis SIL tàbí Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Agege_Foto

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tó ń ṣe ìwé ìsìnkú, ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò gan-an ju oríkì lọ.

Oníbàárà kan gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, èyí tí wọ́n yà ní ayé àtijọ́, tó ti ṣá, tí etí rẹ̀ ti ya. Mo gbé e sí ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe. Ó mọ́ kedere! Awọ ara ń dán, gèlè dúró ṣánṣán. Mo ti fẹ́ fi í ránṣẹ́ nígbà tí màmá tó ń ta búrẹ́dì nítòsí mi yọjú, ó ní, "Ta nìyí?" Mo ní ìyá kan báyìí ni. Ó ní, "Kò ní ìlà ni?" Mo padà wo ògbólógbòó fọ́tò náà. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá yẹn, gẹdẹgbẹ. Ẹ̀rọ rò pé fọ́tò ló ha, ó bá wọn dí i.

Ẹ ronú sí i: kí ọmọ gbé àwòrán ìyá rẹ̀ kọ́ ara ògiri láìní ìlà tí wọ́n bí ìyá náà sí. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, màá fi ìka ka ìlà, màá wo àmì ibí, màá wo eyín, nítorí ó ti bá mi dí èjí lẹ́ẹ̀kan rí. Ohun tó bá parẹ́, mo fọwọ́ ara mi dá a padà. Owó ìyẹn ni mo ń gbà báyìí, kì í ṣe ti áàpù. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é fúnra òun lórí fóònù, mo ní kó lọ ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn ń padà wá.

Gbenro_NoNepa

Gbogbo ẹ̀yin ará òkè òkun ń bọ̀ wá sọ fún wa pé rọ́bọ́ọ̀tì ń gbálẹ̀ ilé yín. Àwa ń wá iná tí a ó fi lọ ata.

Kia_Manchester

Ẹ̀gbọ́n Gbenro, ẹ ti rí mi kí n tó dé 😂. Mo ní ọ̀kan lóòótọ́, irú Roomba tó ti wà láti 2002 yẹn, ṣùgbọ́n oríṣi olówó pọ́ọ́kú. Ẹ má rò pé nǹkan bàbàrà ni. Ó rí pẹrẹsẹ bí ìdérí ìkòkò ńlá, ó ń yí kiri ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó mọ etí àtẹ̀gùn, kì í já bọ́, ṣùgbọ́n kò lè gun àtẹ̀gùn, nítorí náà òkè ilé ṣì ń dúró dè mí. Nígbà tí Màámi wá kí wa, ó gbé etí ìró wọn wọnú ara, ó ń fà á lọ, wọ́n ń ké pé, "Ẹ gbà mí, ó ń bọ́ mi sí ìhòòhò!" Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Ní àràárọ̀ tó bá ti ta wíyìn, wọ́n á ní, "O kú iṣẹ́ o." Mo ní Mọ́mì, kò gbọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ tó gbọ́, ṣé o ń gbálẹ̀ ni?"

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé kí n tó tan ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ ṣa bàtà, ìbọ̀sẹ̀, wáyà fóònù àti nǹkan ìṣeré ọmọ kúrò nílẹ̀. Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà, ọwọ́ mi ló wà.

Iṣẹ́ oúnjẹ mi ni títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ti wọlé, ó sì dára láwọn ibì kan. Àpótí oògùn kan wà tó máa ń dún ní àkókò, tó máa ṣí ojú ibi tí oògùn ọjọ́ náà wà nìkan. Ó ti gba àwọn arúgbó tí ń gbàgbé lọ́wọ́ ìlòkulò oògùn. Okùn ọrùn kan náà wà tó máa pe èèyàn tí bàbá bá ṣubú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹ̀rọ tó mọ ìgbà tí arúgbó sọ pé "ó tó mi" tí kò sì tíì tó o. Ìyá Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ mi tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé Alexa, ẹ̀rọ tí èèyàn ń fi ohùn rán níṣẹ́, sí pálọ̀ fún. Kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ìyá náà pẹ̀lú, agbára káká ló fi ń gbọ́ ọ. Ìyá ní kó pe Bísí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó báyìí.

Loya_Ikeja

Ìyá Pírińtà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín jù, àwọn tó kàwé jù wá lọ ti ṣubú síbẹ̀. Ní 2023, ní New York, àwọn lọ́yà kan gbé ìwé lọ síwájú adájọ́ nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mata v. Avianca. ChatGPT ni ọ̀kan nínú wọn fi wá ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Mẹ́fà nínú àwọn ẹjọ́ náà, kò sí ilé ẹjọ́ tó dá wọn rí láyé. Lọ́yà náà tilẹ̀ bi ẹ̀rọ pé ṣé òótọ́ ni, ẹ̀rọ ní òótọ́ ni (ohun tí Akeko_Ife sọ lókè gẹ́lẹ́). Adájọ́ bu ìtanràn $5,000 lé wọn. Kò bu kọ́bọ̀ lé ẹ̀rọ.

Ní ọ́fíìsì mi, a ń lò ó láti gé ìwé gígùn kúrú, a sì ń lò ó láti kọ lẹ́tà tí kò le. Orúkọ ẹjọ́, ọdún, iye owó, nọ́ńbà òfin: èèyàn ló ń lọ wò ó nínú ìwé gan-an. Ìwé àdéhùn ilé tí ẹ ń tẹ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi AI kọ ọ́. Mo ti rí èyí tó fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ abẹ́ òfin ìlú California. Òfin California ò dé àdúgbò Àgbàdo Ìjàyè.

Àti pé, kí ẹ tó da ìwé oníbàárà sínú ẹ̀rọ, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. NIN, BVN, nọ́ńbà àkáǹtì, èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, ẹ má fi síbẹ̀ rárá. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, ẹni tí ó gba ìwé lọ́wọ́ oníbàárà ló wà lábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́nu kan.

IyaPrinta_Mokola

Yéè! Lọ́yà, ọmọ iṣẹ́ mi ti ń da CV àwọn èèyàn síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì. Kí ni kí n ṣe?

Loya_Ikeja

Ẹ pa á rẹ́ nínú ìtàn ìjíròrò tó wà lórí áàpù náà. Ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ pa ibi tó ti ń gba àṣẹ láti fi ọ̀rọ̀ yín kọ́ ẹ̀rọ. Láti òní lọ, ẹ yọ orúkọ, fóònù àti àdírẹ́sì kúrò kí ẹ tó dà á síbẹ̀. Ẹ kọ "Lágbájá". Tó bá tò ó tán, ẹ dá orúkọ padà nínú kọ̀ǹpútà yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Agbe_Iseyin

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dára, kó má dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ni ìbànújẹ́.

Ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Nuru, àwọn PlantVillage ní Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ló ṣe é pẹ̀lú IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Èèyàn á gbé fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, á sọ fún un bóyá àrùn ló ń mú ewé náà lọ́, tó ń mú un ní àmì ìyeyè káàkiri, àbí kòkòrò ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti wọ fóònù, kò nílò dátà mọ́, nítorí ní oko wa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wá bí àlejò. Ó tún máa ń wo kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo.

Ibi tí mo ti jàǹfààní rẹ̀ nìyí: igi ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ gé gbìn lọ́dún tó kọjá, lójú mi ó dáa. Mo yẹ ewé bíi mélòó kan wò, ó ní àrùn wà nínú wọn. Mo pe ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀, ó wá, ó ní òótọ́ ni. Mi ò gé e gbìn. Tí mo bá gbìn ín ni, igi tó ní àrùn ni mo ì bá gbé lọ sí ilẹ̀ tuntun, eléwé lílọ́ yẹn kì í sì í ta dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, mo pe èèyàn. Ewé tí oúnjẹ ilẹ̀ ò tó náà máa ń yí àwọ̀ padà, mo ti rí ibi tí fóònù àti ojú mi ti jọ ń jiyàn.

Ojo_Texas

Ní ti rọ́bọ́ọ̀tì níbi iṣẹ́, èmi ń bá wọn ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn lọ bá ẹrù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó rọ́bọ́ọ̀tì dé: ó pẹlẹbẹ, á wọ abẹ́ àgbékà tó kún fún ẹrù, á gbé e sókè, á gbé e wá síwájú mi. Irú rẹ̀ ni Amazon ra iléeṣẹ́ Kiva lé lórí ní 2012 fún $775 mílíọ̀nù, láti ìgbà náà ni àwọn tó kù ti ń lé wọn.

Kò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi sinmi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń rìn lọ, mo ń mí, mo ń kí ẹni tí mo bá pàdé. Báyìí, mi ò kúrò lójú kan. Kí n tó mú nǹkan tán lórí èyí, òmíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Èjìká ló wá ń dùn mí. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Àwọn tó ń wọ ibi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti kú sójú ọ̀nà lọ gbé e, owó wọn ju tiwa lọ, wọn kì í sì í dúró sójú kan.

Gbenro_NoNepa

Ìbéèrè kan: rọ́bọ́ọ̀tì wo ni yóò fọ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti jóná mọ́ ìdí? Tí ó bá ti jáde, ẹ pè mí. Màá ta ilẹ̀.

Akeko_Ife

Ẹ̀gbọ́n Gbenro, ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn o. Ohun tó rọrùn fún wa ló le fún ẹ̀rọ. Ṣíro owó ilé ìfowópamọ́ fún mílíọ̀nù èèyàn, kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Kí ó mú ìkòkò tó ń yọ̀, kí ó mọ ibi tó jóná sí, kí ó mọ ìgbà tí òun ń ha irin dípò ọbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń làágùn. Ẹ má tíì ta ilẹ̀.

Iya_Ibeji_Abk

Ẹ dákun, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ìyá tàbí bàbá nílé ka èyí.

Nọ́ńbà tí a ò mọ̀ pe ìyá mi l'Ábẹ́òkúta. Ohùn àbúrò mi ọkùnrin ni, ó ń sunkún: "Mọ́mì, mo ní jàǹbá, ẹ fi owó ránṣẹ́ kíákíá, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni." Màmá ní ohùn rẹ̀ ni, wọ́n lè búra. Àbúrò mi ń sùn nílé rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó máa ń gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jí ohùn rẹ̀. Díẹ̀ péré nínú ohùn èèyàn ló tó fún àwọn ẹ̀rọ yìí láti fi sọ ohun tí kò sọ rí.

Ohun tó gbà wá ni pé ìyá mi ò mọ fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn fi í ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi wá pe àbúrò mi lórí nọ́ńbà tó mọ̀.

Àdéhùn tí a ṣe nínú ilé láti ìgbà náà: ẹnikẹ́ni tó bá pe pé òun wà nínú wàhálà, Màmá á ní, "Kí ni mo máa ń kì ọ́?" Oríkì àbísọ wa, àwọn nìkan ló ń fi pè wá, kò sí lórí Facebook, kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, wọ́n á gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á pe nọ́ńbà tí àwọn mọ̀. Ẹ máa kọ́ àwọn àgbà yín bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì má kọ oríkì náà síbí yìí láti fi hàn mí pé tiyín dùn.

Omo_Eso

Mo ti fẹ́ kọ tèmi 😂. Mo ti pa á rẹ́.

Tisa_Osogbo

Mo ń kọ́ ọmọ girama. Kúkúrú ni màá sọ. Àwọn áàpù tí wọ́n ní ó ń dá iṣẹ́ AI mọ̀, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ti fi ẹ̀sùn kan ọmọ tí mo rí tó ń kọ ọ́ níwájú mi. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá pe ọmọ síwájú, màá ní, "Ka ìpínrọ̀ kejì, kí o wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Ẹni tó kọ ọ́ á sọ ọ́. Ẹni tí kò kọ ọ́ á máa wo òkè àjà.

Ìyá Pírińtà, ìyẹn lè di iṣẹ́ fún yín. Àwọn ọmọ Pólì tó ń pírìǹtì ohun tí wọn ò kà, olùkọ́ á bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́jọ́ ìgbèjà iṣẹ́ wọn. Ẹ máa bá wọn yẹ ìwé náà wò kí wọ́n tó dì í: orúkọ ìwé tí kò sí, ojú-ewé tí kò bá ara mu, òǹkà tí kò pé. Ẹ gba owó rẹ̀.

Agege_Foto

Tísà ti sọ ọ́. Èmi ti pín iye owó mi sí méjì lára ògiri: owó pírìǹtì, àti owó àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ àyẹ̀wò, mo ní kó fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé bó ṣe gbé e wá ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwé kékeré yẹn ti gbà mí lọ́wọ́ ìjà mẹ́ta. Púpọ̀ nínú wọn tó bá ti rí i pé òun fẹ́ fọwọ́ síwèé, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

IyaPrinta_Mokola

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mi ò pa á tì. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wa tò ó, "Lágbájá" la sì ń fi rọ́pò orúkọ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi ti pa gbogbo CV àtijọ́ rẹ́. Mo ti lẹ iye owó méjì mọ́ ògiri bíi ti Agege_Foto: àyẹ̀wò pírójẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦3,000. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló san án. Lọ́sẹ̀ yìí, ó ti di mẹ́fà, nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ yẹn lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé mo bá òun rí ìwé mẹ́rin tí kò sí láyé nínú àkójọ ìwé tí òun tọ́ka sí. Ọ̀nà tí mo fi rí i kò le, mo kàn wá orúkọ ìwé náà lórí Google lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bàbá tó ka oríkì lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àyà mi já. Ó ní òun gbọ́ pé mo dá owó padà, ẹni tó bá dá owó padà, òun lè bá a ṣiṣẹ́, pé kí a wá kọ ti wọn sílẹ̀ kí òun tó lọ bá ẹ̀gbọ́n òun. Ó jókòó lórí àga ṣíṣu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Ọmọ iṣẹ́ mi kọ́kọ́ gbé fóònù sí i kó máa gbọ́ kó sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bàbá ní "Ẹ̀ṣọ́", fóònù kọ "eso". Bàbá bojú wò ó, ó ní, "Ṣé mo dà bí ọsàn lójú rẹ̀ ni?" A pa ìyẹn, a gba ohùn bàbá sílẹ̀, a sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀. Ó gbà wá ní ọ̀sán méjì, nítorí pé ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ti pariwo, a ní láti pe bàbá lórí fóònù kó tún un kì. Ojú-ewé mẹ́rin ni, ó kún. Orúkọ ọmọ ogun mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé náà ò gbọ́ rí.

Omo_Eso, ìlà kan wà níbẹ̀ tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi ò mọ̀ bóyá "arọ" ni àbí "àrọ". Bàbá ti padà sí abúlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ò dára. Mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ bá mi fetí sí i.

Charis SIL ń ṣiṣẹ́, Akeko_Ife, ó ṣeun. Pírińtà kẹta ṣì kú.

Omo_Eso

Mo ti gbọ́ ọ. "Arọ" ni. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, kí n fi í ránṣẹ́ sí Màámi.